Ìlù Ń Sọ̀rọ̀, Ṣé Àwọn Ọmọ Wa Ń Gbọ́? Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ayẹyẹ Orin àti Ìlù Lójú Àwa Ará Àbújá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́dún yìí kò jìnnà sí ohun tí gbogbo wa fẹ́ràn, ìyẹn ìlù àti orin. Kò sí ọdún tí ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ kan kì í ṣe ayẹyẹ àṣà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ló máa ń sọ pé nítorí àwọn ọmọ ni, kí àṣà má baà parun. A ti lọ wo díẹ̀ nínú wọn, a sì ti ka ìròyìn èyí tí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn wa: nígbà tí wọ́n bá ká àgọ́ tán, tí bọ́ọ̀sì sì ti gbé àwọn onílù lọ, kí ni ọmọ kan lè ṣe tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó dàgbà jù. NAFEST, ayẹyẹ iṣẹ́ ọnà àti àṣà ti gbogbo Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ọdún tí ogun abẹ́lé parí, kí àwọn tó ti ń yìnbọn sí ara wọn lè tún jókòó wo ijó ara wọn. Ọdún méje lẹ́yìn rẹ̀ ni FESTAC dé sí Èkó, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa kò tíì sọ tán títí di òní. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, nígbà ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, Kánífà Àbújá bẹ̀rẹ̀ níbí, ó sì wáyé fún ọ̀pọ̀ ọdún: ẹṣin, egúngún, ijó ní ojú títì àti ní Eagle Square. NAFEST fúnra rẹ̀ kò jókòó sójú kan. Ó dé Adó-Èkìtì ní 2021, Èkó ní 2022, Abẹ́òkúta ní 2023, ó sì dé ẹnu ọ̀nà wa ní Àbújá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024.

A kò ní parọ́ mọ́ àwọn ayẹyẹ wọ̀nyí. Ọmọ tó dàgbà sí Gwarinpa, tí kò rí Yorùbá rí ju inú ilé ìyá rẹ̀ lọ, a máa rí i níbẹ̀ pé ìlù àti ijó àwọn ènìyàn rẹ̀ wà láàárín ti Tiv, ti Ìgbò, ti Nupe, tí kò sì kéré sí èyíkéyìí. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ọmọ tí wọ́n ń fi èdè ilé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń lu ìlù níbẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ọnà ìpínlẹ̀ ni, àgbàlagbà tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ wọn tán kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ìdíje ni wọ́n wá ṣe, ife ẹ̀yẹ ni wọ́n ń wá. Lóòótọ́, NAFEST a máa fi àyè sílẹ̀ fún ìdíje àwọn ọmọdé, a sì yìn wọ́n fún un. Síbẹ̀, ìdíje kì í kọ́ni ní nǹkan. Ohun tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Àwa tí a ti pẹ́ nídìí fáìlì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn lẹ́yìn irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀: iye ìpínlẹ̀ tó wá, orúkọ àwọn àlejò pàtàkì, iye owó tó jáde, àti fọ́tò mínísítà. A kò tíì rí ìròyìn kan tó ní ìlà kan ṣoṣo fún iye ọmọ tó kọ́ láti lu gúdúgúdú.

Èyí tó sún mọ́ ohun tí à ń wí jù ni ayẹyẹ ìlù tí Ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 2016, nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Ibikunle Amosun jẹ́ gómìnà, ní gbọ̀ngàn àṣà June 12 ní Kútọ̀. Ti Nàìjíríà nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é; nígbà tó fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní 2018, ti gbogbo Áfíríkà ni wọ́n ń pè é. Inú wa dùn sí i nítorí pé níbẹ̀, ìlù kì í ṣe ẹrú fún ijó. Òun gan-an ni ọba ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn pẹ̀lú ìlù tiwọn, wọ́n sì rí i pé ìyáàlù dùndún kò wá ṣeré lásán, ọ̀rọ̀ ló wá sọ. Arábìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ara, tó ń lu gángan, tún fi han àwọn ọmọbìnrin pé ìlù kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Ibi tí ayẹyẹ náà kù sí, lójú tiwa, ni pé ọjọ́ díẹ̀ péré ni. Ọmọ tó bá wò ó tán yóò padà sí ilé ìwé tí kò ní ìlù kan ṣoṣo.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀, nítorí pé a ti rí i pé àwọn òbí mìíràn nínú wa náà rò pé ariwo dídùn lásán ni.

Dùndún kò ní fáwẹ̀lì, kò ní kọ́ńsónáńtì, ohùn nìkan ló ní. Onílù a gbé e há abẹ́ apá, a fún ọsán rẹ̀ kí ohùn ó lọ sókè, a sì dẹ̀ ẹ́ kí ohùn ó wálẹ̀. Dò, re, mí tí olùkọ́ kọ́ wa ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ìwé tó ń kà. Ẹ mú oríkì mẹ́ta yìí: Àbíkẹ́, Àjọkẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀, ohùn òkè ni gbogbo wọn fi parí. Àárín nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀: ohùn òkè fún Àbíkẹ́, ohùn àárín fún Àjọkẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́. Bí ìyáàlù bá pe ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò mọ ẹni tí wọ́n pè, lára sílébù kan ṣoṣo tó wà láàárín yẹn. Ọmọ tó bá ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà, bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nínú rẹ́jísítà ilé ìwé níbí, ìró kan náà ni yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adékúnlé àti Adéwálé, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Àkànní, Àlàbí àti Àjàní, ọ̀kan ni gbogbo wọn lójú awọ. Ìdí nìyí tí àyàn kì í fi í pe orúkọ lásán. A máa so oríkì orílẹ̀ mọ́ ọn, a máa fi òwe tì í lẹ́yìn, títí olúwarẹ̀ yóò fi mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìlù gbọ́dọ̀ ti ní oríkì àti òwe nínú kí ìlù tó dún rárá. Ìlù kì í gbé èdè sínú ẹni. Èyí tó ti wà níbẹ̀ ló ń jí.

Àwọn tó gbọ́ rédíò ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ yóò rántí ìró ìlù tí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà lédè òyìnbó ni wọ́n ní ìlù yẹn ń pè. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé Ìbàdàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tiwọn sí i, ọ̀rọ̀ àwàdà nípa ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà, ó sì bá ìlù náà mu wẹ́kú. Olùkọ́ kankan kò kọ́ wọn. Etí wọn ló ti kún fún ohùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo tiwa náà, kí a má baà fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ní ọjọ́ ẹgbẹ́ wa lọ́dọọdún, a máa ń wọ àwọn ọmọ láṣọ: àǹkárá kan náà, fìlà, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Wọ́n á jó, a ó pàtẹ́wọ́, a ó ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ń kọrin fún wọn, láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń dun etí. Nígbà tó bá di àkókò àwọn àgbà ni àwọn onílù tí a sanwó fún yóò tó dìde. A gba onílù fún àwọn àgbà, a gba ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ! Lọ́dún tó kọjá, ìyáàlù kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ bú ọ̀gá kan tó jókòó níwájú pé ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò tipẹ́, kò sì tíì jáde. Gbogbo àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì dìde. Àwọn ọmọ ń wo ẹnu wa, wọn kò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Ọmọ ọ̀gá náà, tó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá, kò mọ̀ pé bàbá òun ni wọ́n ń bá wí. (Láàárọ̀ yìí ná, láti ìgbà tí EFCC ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin ọdún 2007 mú àwọn tó ń fọ́n owó lójú agbo, pàápàá láti 2024, inú àpò ìwé ni ọ̀pọ̀ wa ń fi owó onílù sí. Ó bá òfin mu, ṣùgbọ́n àwọn onílù ní kò tó ti tẹ́lẹ̀.)

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n àwọn òbí Àbújá a máa sọ pé ilé ìwé ni yóò kọ́ wọn. Ilé ìwé wo? Nínú kòríkúlọ́ọ̀mù ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, wọ́n kó orin, eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà pọ̀ sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Cultural and Creative Arts. Olùkọ́ kan ló ń kọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àwòrán yíyà nìkan ni òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ní ti èdè, ìjọba fọwọ́ sí ìlànà kan ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde níbí ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kò sọ pé kò ní àwíjàre. Ṣùgbọ́n a rántí iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, ìlú tí kì í ṣe ti Yorùbá ni à ń gbé, kíláàsì kò sì ní ràn wá lọ́wọ́. Ilé àti ẹgbẹ́ ló kù.

Àwọn òbí kan náà tí wọ́n ní kò sí àyè ni wọ́n ń gbé ọmọ lọ kọ́ dùùrù àti fayolín ní ọjọ́ Sátidé, ní Maitama àti Wuse. A kò bá wọn jà. Orin ni orin í jẹ́. A tilẹ̀ ń wo bí àwọn tó ń kọ́ni ní orin òyìnbó ṣe tò ó, a sì ń jowú. Ẹgbẹ́ MUSON ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ní ilé ẹ̀kọ́ orin tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí dípílómà, ilé iṣẹ́ MTN sì ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ láti 2006. Ìdánwò wà, ìpele wà, ọmọ mọ ohun tó kù tí òun yóò kọ́. Nínú ilé àyàn, ìpele wà bákan náà, a kàn kò kọ ọ́ sórí bébà ni. Gúdúgúdú àti omele ni ọmọ ń kọ́kọ́ jókòó sí, yóò ti mọ bí a ṣe ń di ọwọ́ ìlù mú ṣinṣin kí wọ́n tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìyáàlù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba kọ odidi ìwé lórí dùndún ní 1990. Láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni Làmídì Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun ti gbé bàtá dé òkè òkun. Òyìnbó obìnrin kan, Amanda Villepastour, kọ́ ọ lọ́dọ̀ Àyándòkun, ó sì tẹ ìwé jáde ní 2010 lórí bí bàtá ṣe ń sọ̀rọ̀ àti lórí ẹnà tí àwọn onílù fi ń fi ẹnu pe ohun tí ọwọ́ yóò lù. Ẹnu ṣáájú ọwọ́. Obìnrin yẹn kò ti inú ilé Yorùbá wá o, ó jókòó kọ́ ọ ni.

Ẹ̀rù tó ń bà wá ní orúkọ, Cuba sì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn baba ńlá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ gbé bàtá lọ nínú orí wọn, àwọn ọmọ wọn sì ń lù ú fún Ṣàngó títí di òní, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó lè dójú ti àwa tó wà nílé. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í ṣe èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé mọ́. Inú orin àti ẹ̀sìn ló kù sí. Wọ́n pa ìró mọ́ láìyẹ̀, ṣùgbọ́n àtidá ọ̀rọ̀ tuntun sọ lórí ìlù, bí onílù tiwa ṣe bú ọ̀gá lọ́dún tó kọjá, nira nígbà tí èdè bá ti lọ. Ogun àti ẹrú ló ṣe ti wọn. Àwa, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni a wọ̀ láti Ìbàdàn, láti Ìlọrin, láti Àkúrẹ́, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí a rí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ gbà.

Ní Trinidad, wọ́n ṣe nǹkan mìíràn. Ìlù irin wọn, tí wọ́n fi àgbá epo ṣe, ni ìjọba sọ di ohun èlò orin orílẹ̀-èdè ní 1992. Ìdíje ńlá wọn ní àkókò kánífà ní ti àwọn ọmọ ilé ìwé nínú, àwọn ọmọ náà sì ń gbáradì fún un nínú ilé ìwé wọn pẹ̀lú olùkọ́. Ọjọ́ ayẹyẹ ni wọ́n wá ń fi ohun tí wọ́n ti kọ́ hàn. Tiwa ní Nàìjíríà, ọjọ́ ayẹyẹ ni ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ni òpin.

A gbọ́dọ̀ fi kún un pé ilé onílé ni a wà. Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó fà á kalẹ̀ fún olú ìlú, ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò sì mọ̀ ju Zuma Rock lọ nípa wọn. Obìnrin tó wà lẹ́yìn owó ogún náírà, Ladi Kwali tó ń mọ ìkòkò, ọmọ Gbagyi ni. Bí a bá ṣe ètò orin fún àwọn ọmọ, kí a pe àwọn onílù Gbagyi náà wá. Ọmọ tó bá gbọ́ ti ẹlòmíràn dáadáa ni yóò mọ ibi tí tirẹ̀ ti yàtọ̀.

Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé ìlù ní òrìṣà nínú, pé Àyàn ni a ń bọ. A gbọ́. Ṣùgbọ́n gángan ń dún nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi ní ìlú yìí, a sì jó sí i. Láti inú orin ajísààrì tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń jí ènìyàn fún sààrì ni Síkírù Àyìndé Barrister ti fa fújì jáde. Kò sí ẹni tó ní kí ọmọ bọ nǹkankan. Kí ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ ni à ń wí.

A ti kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ alákòóso ẹgbẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Kí a mú ìdajì owó tí a ń ná lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti àgọ́, kí a fi ra gúdúgúdú méjì àti gángan kékeré mẹ́rin, kí a sì gba àyàn kan tó ń gbé Àbújá fún wákàtí méjì ní Sátidé, fún oṣù mẹ́sàn-án. Ní wákàtí àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìlù; ẹnu ni kí wọ́n fi pe oríkì, kí ohùn wọ̀ wọ́n létí. Kí òbí kọ̀ọ̀kan kọ oríkì ọmọ rẹ̀ àti ti orílẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì bi àwọn tó wà nílé léèrè bí kò bá dá a lójú. Lọ́jọ́ ẹgbẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kí àwọn ọmọ jókòó sínú gbọ̀ngàn, kí wọ́n di ojú wọn. Kí ìyáàlù pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tí yóò la ẹnu. Ọmọ tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, kí ó dìde. Kí akọ̀wé wa ka iye àwọn tó dìde, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìròyìn ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan péré ni.